Ọgbà Màlúù Tí Kò Ní Eṣinṣin

Kò sí eṣinṣin.

Ohun tó kọ́kọ́ ta Sájẹ́ǹtì Sẹ̀gilọlá lólobó nìyẹn, kó tó rí ohunkóhun mìíràn. Àárín ọgbà màlúù ló dúró sí lẹ́yìn ìlú Ìjan-Èkìtì, lásìkò òjò, ìgbà tí eṣinṣin máa ń ṣáájú ẹni dé ìdí àwo oúnjẹ, síbẹ̀ ẹyọ kan ò bà lé e. Àwọn màlúù wà ní ìso, wọ́n ń jẹ koríko wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Ìrù wọn rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, kò sí èyí tó ń fi lé nǹkan kan.

"Ẹ̀yin náà ti gbàgbé iṣẹ́ ìrù nìyẹn," ni ó wí fún wọn.

Kọ́pùrù Akínwálé, tó bá a wá láti Adó, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi àǹkáṣíìfù bo imú. Ó ti múra de òórùn láti ilé. Nígbà tí kò wá gbọ́ òórùn kankan, ojú ń tì í láti yọ ọ́.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Tíṣà yẹn jẹ owó ìjọba, ó wá fi ìgbẹ́ màlúù bò wọ́n lójú. Ó parí!"

"Kọ́kọ́ yọ aṣọ yẹn lẹ́nu, kí n lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ."

Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni Sẹ̀gilọlá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin díẹ̀ tó wà ní ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Adó nígbà náà. Kì í pariwo, kì í gbá ẹnikẹ́ni létí. Ìbéèrè kéékèèké ló máa ń bi èèyàn, irú èyí tí èèyàn ń dáhùn láìrò ó, tí yóò wá délé kó tó mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ jù.

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún náà, karosíìnì wọ́n bí ojú. Ìjọba ìpínlẹ̀, tó ṣì wà ní Akúrẹ́ nígbà náà, wá kéde pé ẹni tó bá lè fi oòrùn, tàbí omi, tàbí pàǹtírí dáná fún ará ìlú, àwọn yóò fún un ní owó ìrànwọ́: ìdajì láti fi bẹ̀rẹ̀, ìdajì yòókù nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ti fojú ara wọn rí i tí iná náà ń jó. Ajíbádé, tíṣà sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó, gba ìdajì àkọ́kọ́. Ó gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ọgbà màlúù bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó sì da ojú àgbá irin ńlá kan dé e. Bí ìgbẹ́ bá ń jẹrà nínú kòtò, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ yóò máa gbé àgbá náà sókè, ọ̀pá rọ́bà yóò sì gbé gáàsì náà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà nítòsí. Ìdajì kejì ni wọn ìbá fi ra fìríìjì tó ń lo gáàsì, tí wọn ó máa tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí.

Ìgbìmọ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá, alága wọn, ṣí ẹnu ọ̀pá gáàsì, ó ṣáná sí i. Ìṣáná jó títí ó fi dé ọmọ ìka rẹ̀. Ó ṣá òmíràn, bákan náà ni. Àwọn èrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti fi mọ́tò ọlọ́pàá gbé Ajíbádé lọ sí Adó, wọ́n ní gbájúẹ̀ ni, kò sí gáàsì níbẹ̀ rí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rí ìdí tí iná náà fi kú kí oṣù tó parí, Akúrẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ, ilé ẹjọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀wọ̀n.

Ohun tó sì ń jẹ Sẹ̀gilọlá lọ́kàn jù ni pé Ajíbádé ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ká ìró rẹ̀ sókè. Monínúọlá ni, ìyá Ajíbádé. Gbogbo Ìjan ló mọ̀ ọ́n mọ ìmọ́tótó. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ sí àgbàlá rẹ̀, yóò gbá òjò náà.

"Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, mi ò bá ti tún ibẹ̀ fọ̀ sí i. Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ó jẹun, Ìyá," ni Sẹ̀gilọlá dáhùn. Irọ́ ni ó pa. Oúnjẹ Ajíbádé ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n kúrò ní Adó.

"Bá mi sọ fún un pé kó má ronú. Mò ń bá a tọ́jú ulé màlúù rẹ̀. Bí àwọn ará Akúrẹ́ bá tún padà wá, wọn ò níí bá ìdọ̀tí níbẹ̀."

Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ba, ó gbá ewé kan ṣoṣo tó já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Sẹ̀gilọlá wo ilẹ̀ náà. Ó mọ́ tóní-tóní, ó ṣì tutù.

* * *

Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí náà, ò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

"Ta ló ní kò sí gáàsì níbẹ̀ rí? Ẹni yẹn wá síbí kó wá sọ ọ́ lójú mi! Abẹ́ iná yẹn ni mo ti gbẹ̀bí ìbejì. Ẹ wo dígí àtùpà náà, ẹ wo bó ṣe dúdú. Ṣé àdúrà ló mú un dúdú ni?"

"Ẹ rọra, Nọ́ọ̀sì. Mo gbà yín gbọ́," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Lọ́jọ́ tó kú, báwo ló ṣe kú? Ṣé pẹ́ẹ́ ni, àbí díẹ̀díẹ̀?"

Jùmọ̀kẹ́ yíjú wo àtùpà náà. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ó mọ́lẹ̀ rekete. Nígbà tó yá, mo rí i pé ó ń rẹ̀. Mo yọjú wo àgbá yẹn, àgbá náà ń rì. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè mo ti gbé fìtílà karosíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Fráídeè tí Tíṣà dé láti Adó, ó ti kú."

"Kò sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀?"

"Rárá o. Adó ló ń sùn. Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé."

"Kí ló sọ nígbà tó dé?"

"Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Mo sáré lọ bá a ní ìdí kòtò, mo ní, 'Tíṣà, iná ti kú o, àlejò sì ń bọ̀ lọ́la!' Ó kàn ń fa imú. Ó fa imú títí, ló bá jókòó sílẹ̀. Kò dá mi lóhùn."

Akínwálé rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀ pé àṣírí ti tú ni."

"Àṣírí wo? Kọ́pùrù, ẹ jẹ́ n là yín lóye bí Tíṣà ṣe là mí lóye. Ó ní bí ẹmu ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń mú ẹmu hó? Ó ní ohun alààyè ni, bí a ò tilẹ̀ rí i lójú, àti pé irú rẹ̀ ló wà nínú kòtò yẹn tó ń ṣe gáàsì. Ó ní bí a bá ń bọ́ ọ, kò níí ṣíwọ́ láéláé."

Sẹ̀gilọlá dìde. Ó dúpẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó yíjú padà. "Ta ló wà ní ìlú yìí tó kórìíra iná náà?"

Jùmọ̀kẹ́ nawọ́ sí ilé ìjọsìn Àládùúrà tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà. "Ẹ lọ bi Wòlíì."

* * *

Akínwálé ti rí ìgò òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màlúù. Bó ṣe gbé e ka iwájú Wòlíì Akínọlá, ó ṣe bí ẹni tó mú olè ní ọjà.

Wòlíì ò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní bàtà, ọmọ ọwọ́ kan sùn sí èjìká rẹ̀.

"Ìgò mi ni," ni ó wí.

"Kí lẹ dà síbẹ̀?" ni Sẹ̀gilọlá bi í.

"Omi."

"Kí ló wà nínú omi náà?"

"Àdúrà."

Akínwálé fẹ́ sọ̀rọ̀, Sẹ̀gilọlá fi ojú dá a dúró.

"Wòlíì, wọ́n ní ẹ bá iná yìí jà lórí pẹpẹ."

"Òótọ́ ni. Mo ní iná tó ti inú ìgbẹ́ jáde, báwo ni yóò ṣe mọ́? Mo ní kí ọmọ ìjọ mi má sún mọ́ ọn. Àmọ́ ìrọbí mú ìyàwó mi lójijì. A ò ní karosíìnì. Abẹ́ iná yẹn ló bí èyí tó wà léjìká mi yìí sí." Ó rọra gbá ọmọ náà lẹ́yìn. "Ojú tì mí, Sájẹ́ǹtì. Ọpẹ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀ nínú ìgò yẹn. Ara ọgbà ni mo wọ́n ọn sí, mi ò wọlé. Bó bá sì jẹ́ pé omi lásán ló ń pa á, òjò ò bá ti pa á kí n tó dé."

"Aago mélòó lẹ débẹ̀?"

"Ìdájí. Mo rò pé èmi nìkan ni màá bá ibẹ̀. Mo bá Ìyá Ajíbádé, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fọ ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ mọ́ kí àlejò tó dé."

"Kí lẹ gbọ́ òórùn rẹ̀?"

Wòlíì rò ó. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Mo ń retí òórùn màlúù. Òórùn ọsibítù ni mo gbọ́."

* * *

Wọ́n ń gòkè padà sí ọgbà màlúù. Akínwálé ni kò lè pa á mọ́ra.

"Mo rò pé Wòlíì ni. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ kó jẹ́ Wòlíì."

"Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbá rọrùn." Ohùn Sẹ̀gilọlá ti rẹ̀ sílẹ̀. "Akínwálé, bí o bá fẹ́ ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, báwo lo ṣe máa ṣe é?"

"Màá dúró de àkókò tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Màá fọ́ ọ, màá sá lọ."

"O ò níí padà wá lọ́jọ́ kejì?"

"Láti wá ṣe kí ni? Kí wọ́n lè mú mi?"

"Iná yìí ò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àárọ̀ dé, ó rẹ̀ díẹ̀; àárọ̀ mìíràn dé, ó tún rẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan ń jí wá ṣe é lójoojúmọ́. Ọ̀tá ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jí lárààárọ̀ nítorí nǹkan rẹ, ó fẹ́ràn rẹ ni."

Akínwálé dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tó yé e, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Háà! Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Wọn ò bá ìyá náà nínú ọgbà, ó ti wọlé lọ dáná. Sẹ̀gilọlá yọ ọsàn kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ màlúù tó jìnnà jù lọ, ó sì fi í sílẹ̀. Ọsàn náà kọ́kọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí kọjá láàárín àwọn màlúù, ó bọ́ sínú gọ́tà tóóró kan, ó sì já sí ẹnu kòtò pọ̀ọ́. Ajíbádé ló fi ọgbọ́n da ilẹ̀ náà kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lè máa ṣàn lọ fúnra wọn láìsí pé ẹnì kan ń kó o. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì dà sílẹ̀ níbẹ̀, inú kòtò ló ń lọ.

Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni agolo wà, agolo oògùn apakòkòrò tí àwọn èèyàn ń dà sí ṣálángá. Oògùn tó ń pa ìdin, tó ń pa eṣinṣin, tó ń pa ohun gbogbo tó bá ní ẹ̀mí, ìbáà jẹ́ èyí tí ojú ń rí tàbí èyí tí ojú ò rí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹlẹ́kejì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì ṣí i.

Sẹ̀gilọlá gbé e lọ́wọ́, inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ó ti wá ọ̀daràn láti àárọ̀, ìyá ló rí.

* * *

"Ẹ ti mọ̀," ni Ajíbádé wí, nígbà tó rí agolo náà lórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù jágbajàgba.

"Ìwọ náà ti mọ̀ láti Fráídeè. O fa imú, o gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo bi ọ́ léèrè níbí pé kí ló pa iná, o ní o ò mọ̀. Tíṣà sáyẹ́ǹsì! Bí mo bá bi tíṣà sáyẹ́ǹsì pé kí ló dé tí ìkòkò mi fi sán, yóò sọ̀rọ̀ dé ọ̀la. Ìwọ wá ní o ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ò ń dáàbò bo ẹnì kan."

Ajíbádé bojú. "Nígbà tí mo wọlé, Sájẹ́ǹtì, ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. 'Wá wò ó, ọmọ mi, wá wo bí mo ṣe bá ọ tún un ṣe.' Wọ́n ń yọ̀. Wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ àwọn màlúù pàápàá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lanu sọ ọ́?"

"O ò bá ti sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀."

"Kí n dúró láàárín ìlú, kí n ní ìyá mi ló pa á? Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, èmi nìkan ló kù. Wọ́n ta aṣọ ìgbéyàwó wọn kí n tó lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ló rán mi lọ sẹ́wọ̀n, ara wọn ò níí gbà á. Sájẹ́ǹtì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ pé mo parọ́. Màá ṣe ẹ̀wọ̀n náà."

Sẹ̀gilọlá wo agolo náà. Ó ti rí àwọn tó parọ́ kí wọ́n má baà ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é, kò tíì rí irú rẹ̀, ó sì bà á nínú jẹ́.

"Màá wá ọ̀nà tí n kò fi níí dárúkọ wọn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Àmọ́ mi ò níí kọ irọ́."

Ọ̀nà tó wá nìyí: ó kó ìgbẹ́ màlúù tútù sínú ìgò méjì, ó po omi mọ́ ọn. Ó ro oògùn apakòkòrò sínú ọ̀kan, kò ro ó sí èkejì. Ó wá fi bàlúùnù, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ nígbà Kérésì, bo ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan, ó so ó pinpin, ó sì gbé méjèèjì síbi tí oòrùn ti ń wọlé lójú fèrèsé. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà títí. Wọ́n ní Sájẹ́ǹtì ti ń sin ìgbẹ́. Nígbà tí bàlúùnù ìgò tí kò ní oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ẹ̀fẹ̀ náà dínkù. Nígbà tó fi máa dúró ṣánṣán, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Akínwálé ló ń ṣọ́ ọ bí ìyàwó tuntun.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá dé láti Akúrẹ́ ní òpin oṣù. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó ní ìwé tí wọ́n fẹ́ fi gbé Ajíbádé lọ lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rí bàlúùnù.

"Kí lèyí, Sájẹ́ǹtì? Ṣé ọjọ́ ìbí lẹ ń ṣe ni?"

"Ẹ jókòó, sà. Ìgbẹ́ kan náà ló wà nínú méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni mo kó wọn. Ẹ wo èyí tó dìde, ẹ wo èyí tó rọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju ṣíbí oògùn ṣálángá kan lọ."

Ó fún ọrùn bàlúùnù náà pọ̀ ṣinṣin, ó tú u kúrò lẹ́nu ìgò, ó rọra jẹ́ kí gáàsì rẹ̀ máa jáde fín-ín-fín-ín, Akínwálé sì ṣáná sí i. Iná kékeré aláwọ̀ búlúù kan tàn, ó jó díẹ̀, ó kú. Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá wò ó bí ẹni tó rí èèyàn tí wọ́n ní ó ti kú.

"Gáàsì wà níbẹ̀, sà. Ó ń jó kí ẹ tó dé. Ọkùnrin yìí ò parọ́ fún ìjọba. Oògùn ló wọ inú kòtò rẹ̀, oògùn ló pa á."

"Ó dáa. Ta ló dà á síbẹ̀?"

"Àṣìṣe ni, sà."

"Mo gbọ́. Àṣìṣe ta ni? Dúkìá tí owó ìjọba wọ̀ ni. Mi ò lè padà sí Akúrẹ́ lọ sọ pé àṣìṣe kan ń rìn lójú títì, ó yà sí Ìjan. Ẹ dárúkọ ẹni náà, tàbí kí n gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

Sẹ̀gilọlá yíjú wo Ajíbádé. Gbogbo ọ̀nà tó ti là sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ibí ni wọ́n já sí.

"Èmi ni," ni Ajíbádé wí láti ibi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Èmi ni mo dà á."

"Irọ́ ni," ni Sẹ̀gilọlá wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnu ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Monínúọlá ni, ó gbé abọ́ iyán tí ó fi aṣọ funfun wé, bó ṣe ń gbé e wá láti Ìjan nígbàkígbà tó bá rí ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá láti Akúrẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ mi. Ulé màlúù yẹn ṣì mọ́ o, bí ẹ ṣe bá a lọ́jọ́sí náà ló ṣe wà. Mi ò jẹ́ kó rùn."

Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá rántí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ni ìyá tí mo yìn lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mi ò rí ọgbà màlúù tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

"Ẹ ṣeun, sà. Awakọ̀ yín ló wá jíṣẹ́ ṣáájú, ó ní ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ibẹ̀ rùn. Mo ní, ṣé ìyẹn náà le? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń..."

Imú rẹ̀, umú gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń pè é, ti gbọ́ òórùn kan. Ó tẹ̀ lé òórùn náà dé ojú fèrèsé, ó wo ìgò tí bàlúùnù rẹ̀ rọ̀, ó tẹ orí ba, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ìgò kejì. Ó wo agolo tó wà lórí tábìlì, ó mọ̀ ọ́n, tirẹ̀ ni.

"Ajíbádé," ni ó wí, "kí lèyí ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Yèyé mi."

"Ọmọ yìí, má parọ́ fún mi. Èyí tí wọ́n da oògùn sí ló kú yìí?"

Ìyá náà yíjú sí Sẹ̀gilọlá. "Ọmọ mi, ìwọ sọ fún mi. Ṣé èmi ni mo pa á?"

Sẹ̀gilọlá ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè láyé rẹ̀. Èyí tí wọ́n bi í yìí, ì bá fi gbogbo iṣẹ́ ọlọ́pàá rẹ̀ gbà kó má dáhùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ẹ ò mọ̀."

Ìyá náà ò ké. Ó gbé abọ́ iyán kalẹ̀ lórí tábìlì, ó tún aṣọ funfun orí rẹ̀ ṣe kó lè gún, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá, ọrùn ọwọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí wọ́n lè rí ibi fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí.

"Ẹ mú mi, sà. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Mo fẹ́ kó mọ́ fún yín ni."

Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá wo ọwọ́ náà. Oògùn ti bó o, àárín ìka rẹ̀ ti funfun. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, ìwé tó mú wá ló wò, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

"Ìyá, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀," ni ó wí. "Iṣẹ́ tí mo rán ni ẹ jẹ́."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé Ajíbádé ò jẹ̀bi ohunkóhun. Sẹ̀gilọlá bi í léèrè ìdajì owó ìrànwọ́ tó kù. Ó mi orí. Ó ní wọ́n ti pín in, ó ti lọ sí ibòmíràn. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n tún bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Sẹ̀gilọlá rántí ilé ìgbẹ̀bí náà àti fìtílà karosíìnì Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́, inú bí i, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Ajíbádé. Ó jáde sí oòrùn, ó ń ṣẹ́jú. Ìyá rẹ̀ ti wà níta, ó kọ ẹ̀yìn sí i, kò jẹ́ wo ojú rẹ̀. Ajíbádé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, gbogbo ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ̀ ò sì wúlò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó gba abọ́ iyán lọ́wọ́ Akínwálé tó gbé e tẹ̀ lé wọn, ó fi ọwọ́ kejì di ìyá rẹ̀ mú.

"Yèyé mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ó wí. "Láti àárọ̀ ni àwọn màlúù yẹn ti ń yàgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó fọ ibẹ̀."